Ọgbà Ohun Ẹlẹ́mìí

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe níbi iṣẹ́ mi nílùú òyìnbó ni pé mo kúnlẹ̀ fún ọ̀bọ. Mi ò rò ó tẹ́lẹ̀. Obìnrin tí wọ́n ní kó kọ́ mi níṣẹ́ ló ṣí ilẹ̀kùn ilé gíláàsì kan nínú ọgbà ẹranko, èyí tí gbogbo wa ń pè ní súù. Ó ní kí n wo inú ibẹ̀, pé àwọn tí màá máa tọ́jú nìyẹn. Mo yọjú wò ó. Àwọn ẹdun ni wọ́n jókòó sórí igi, ara wọn dúdú, irun funfun sì bo èjìká wọn bí ìborùn, ojú wọn rí bí ojú àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun. Láti ọjọ́ tí mo ti bí ìbejì ni mo ti ń gbọ́ orúkọ ẹdun, mi ò sì fojú kàn án rí. Ní Bàrígà, níbo lèèyàn ti fẹ́ rí ẹdun? Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo ní, "Ẹ kú ilé o."

Obìnrin náà rò pé mo ṣubú ni. Ó sáré dì mí lápá mú, ó ń bi mí bóyá mo ti jẹun láàárọ̀.

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún un. Nílé wa, ẹni tó bá ti bí ìbejì ti di ìbátan ẹdun nìyẹn, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o. Ọmọ ẹdun ni wọ́n fi ń ki àwọn ọmọ náà, ẹran ẹdun ò sì gbọdọ̀ wọ ilé wọn. Màámi, ìyá tó bí mi, ọmọ Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni láti Ògbómọ̀ṣọ́. Kì í pa ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi jẹ, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ọ̀bọ bú èèyàn níwájú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá dán an wò ní ojúlé wa ní Ladi-Lak, ní Bàrígà, máa gbọ́ ti ẹnu rẹ̀. Ojúlé yẹn ni mo fi Táyé àti Kẹ́hìndé sí nígbà tí mò ń bọ̀, lọ́dọ̀ Màámi àti lọ́dọ̀ bàbá wọn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kejì nígbà náà, níléèwé kan ní Fọlá Agoro. Mo ní tí mo bá ti fìdí kalẹ̀, màá wá mú wọn.

Orúkọ obìnrin tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Hẹlẹn. Ó dàgbà tó Màámi, irun orí rẹ̀ ti funfun tán. Mo pè é ní "mà", ó ní Hẹlẹn ni orúkọ òun. Mo gbìyànjú láti pè é bẹ́ẹ̀, ó há mi lọ́fun. Ọmọ tí wọ́n bí dáadáa, báwo ló ṣe fẹ́ la ẹnu pe ẹni tó lè bí i lórúkọ? Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń rìn lọ bá a tí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kí n má baà pè é láti òkèèrè. Nígbà tó yá, mo sọ ọ́ di Àǹtí Hẹlẹn. Ó gbà bẹ́ẹ̀, ó rò pé oyè ni.

Kíṣìnnì ẹranko ni wọ́n kọ́kọ́ fi mí sí. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ o, ẹranko ní kíṣìnnì. Fìríìjì wọn ga jù mí lọ. Òṣùwọ̀n wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń wọn ewé kí ẹdun tó jẹ ẹ́. Ewé lásán o. Tí ọ̀kan nínú wọn bá húkọ́, dókítà ti dé kó tó di ọ̀sán. Èmi náà húkọ́ ní gbogbo oṣù tí mo kọ́kọ́ dé. Wọ́n fún mi ní nọ́ńbà dókítà kan pé kí n máa pè, nọ́ńbà náà sì ń kọrin fún mi títí tí mo fi fi í sílẹ̀. Mo máa ń dúró ní kíṣìnnì yẹn, màá la ẹnu sílẹ̀, màá máa wo òǹkà tó wà lára òṣùwọ̀n. Mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ṣómólú tí ẹnikẹ́ni ò bi léèrè bóyá wọ́n jẹun.

Ilé gíláàsì àwọn ẹdun móoru bí ọ̀sán Bàrígà. Yàrá tí mo háyà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Hítà kan wà níbẹ̀ tó máa ń pariwo bí ẹni pé ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ju ariwo náà lọ. Ìgbà míì, tí iṣẹ́ bá parí, mi ò ní tètè lọ. Màá tún máa fọ ilẹ̀ tí mo ti fọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí kí n lè wà nínú ooru.

Ní Ṣómólú, ìwé ni mò ń dì ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ọkọ mi. Òun ló ń lọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ́fíìsì Palmgrove, èmi ni mò ń ká pépà, tí mò ń rán an, tí mò ń gé etí rẹ̀. Ọwọ́ mi ti mọ ọ̀bẹ. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé kárọ́ọ̀tì fún àwọn ẹranko, Hẹlẹn pe àwọn òṣìṣẹ́ yòókù kí wọ́n wá wò ó. Ó ní òun ò tíì rí ẹni tó ń gé e dọ́gba tó bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn kọjá ohun tí kárọ́ọ̀tì yẹ kó fà. Mo rẹ́rìn-ín lọ sílé, mo débẹ̀, kò sẹ́ni tí mo fẹ́ sọ fún. Mo bá pe Bàrígà.

Bàbá Ìbejì ló gbé fóònù. "Kárọ́ọ̀tì?" ló ní. "O fi ìwé dídì sílẹ̀, o lọ ń gé kárọ́ọ̀tì fún ọ̀bọ?"

Mo gbọ́ ohùn Màámi lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹdun ni. Má pè é ní ọ̀bọ mọ́ nínú ilé yìí."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, nígbà tó sì yá, mi ò mọ̀ mọ́ bóyá ẹ̀rín ni. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìpè yẹn ṣe máa ń rí. Màá gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ alájọgbé wa, màá gbọ́ ẹni tó ń pe ẹlẹ́kọ, gbogbo rẹ̀ á dà bí ẹni pé mo wà lẹ́nu ọ̀nà, tí mo kàn fẹ́ wọlé. Tí ìpè bá já, yàrá á dákẹ́ lọ gbári. Mo wá mọ̀ pé èèyàn lè máa gbọ́ ilé rẹ̀ lójoojúmọ́ kó má sì sí níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi kí n tó kúrò nílé.

Ní Sátidé kan, Táyé gba fóònù lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Òun ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kẹ́hìndé á jẹ́ kó sọ ọ́ dé ìdajì, á wá parí rẹ̀ fún un.

"Màmá, tíṣà wa ní ká lọ wádìí ibi tí ọ̀rọ̀ súù ti wá," Táyé ní. "Mo sọ fún un pé ibẹ̀ lẹ ti ń ṣiṣẹ́."

"Tíṣà ní ká bi yín," Kẹ́hìndé fi kún un. "Ó ní ẹ̀yin lẹ máa mọ̀ ọ́n jù."

Mi ò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ìró tí ẹranko kan ń dún ni. Nígbà tí mo dàgbà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ súù, ohun tó máa ń wá sí mi lọ́kàn ni irin, ẹ̀wọ̀n àti kọ́kọ́rọ́, mo sì gbà pé ohun tó túmọ̀ sí náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kójú ti àwọn ọmọ mi ní kíláàsì. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ díẹ̀.

Nígbà tí a jókòó mu tíì, mo bi Hẹlẹn.

"Ìgékúrú ni," ó ní. "Orúkọ rẹ̀ gùn tẹ́lẹ̀. Súọ́lọ́jíkà gádìn ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ọgbà tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹranko. Àwọn tó ń wá wòran kò ní sùúrù fún orúkọ gígùn. Wọ́n mú orí rẹ̀, wọ́n sọ ìyókù nù."

Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Olúwafẹ́mi ni wọ́n sọ ọkọ mi, kò sì sẹ́ni tó ń pè é ju Fẹ́mọ lọ ní gbogbo Ṣómólú.

"Orí tí wọ́n mú ńkọ́?" mo bi í. "Kí ló túmọ̀ sí?"

Ó ní ọ̀rọ̀ àwọn Gíríìkì ìgbàanì ni. Ó kọ ọ́ fún mi sórí pépà ìnuwọ́: zoion. Lẹ́tà tó fi bẹ̀rẹ̀ ò tilẹ̀ sí nínú á-bí-dí tiwa. "Ohun tó wà láàyè ni," ó ní. "Ohun tó ní ẹ̀mí. Ẹranko, àtèèyàn pàápàá."

Mo gbé kọ́ọ̀bù mi sílẹ̀. "Kò sí àgò nínú rẹ̀?"

"Rárá."

"Kò sí ẹ̀wọ̀n? Kò sí ìdè?"

"Kò sí." Ó rẹ́rìn-ín sí ojú mi. "Àwọn ọba ló kọ́kọ́ ń kó ẹranko jọ sí ààfin, kí àlejò lè rí i pé wọ́n lágbára. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ ní àwọn fẹ́ máa kọ́ ẹ̀kọ́ lára wọn, wọ́n dá ọgbà sílẹ̀, wọ́n fún un lórúkọ ńlá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé. Àgò ti wà látìbẹ̀rẹ̀. Kò kàn sẹ́ni tó fi í sínú orúkọ."

Ẹnu yà mí débi pé tíì mi tutù síbi tí mo gbé e sí. Èèyàn á mọ gíláàsì yí ẹ̀dá ká, á fi kọ́kọ́rọ́ sí i, á wá pe ibẹ̀ ní ohun ẹlẹ́mìí. Gbogbo ọ̀sán yẹn ni mò ń wo àwọn ẹdun bí ẹni pé ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí wọn. Nígbà tí mo wọ bọ́ọ̀sì, mo wo gbogbo wa tí a jókòó, olúkúlùkù kọjú sí fèrèsé tirẹ̀. Àtèèyàn pàápàá, Hẹlẹn ní. Èmi náà rèé, mo ní ibi tí mò ń sùn, mò ń jẹun, wọ́n ń san owó iṣẹ́ mi. Ẹlẹ́mìí ni mí, mò ń mí. Ṣùgbọ́n odindi ọjọ́ mẹ́ta lè kọjá kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí, àfi tí ẹnìkan bá ṣèèṣì kọlù mí lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí nínú jẹ́, mo sọ̀kalẹ̀ kí n tó dé ibi tí mò ń lọ, mo fẹsẹ̀ rin ìyókù.

Mo sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Tíṣà wọn mú Kẹ́hìndé lọ sí iwájú àwọn ọmọ iléèwé pé kó wá sọ ọ́ fún gbogbo wọn. Màámi pè mí ní ọjọ́ yẹn láti ròyìn, ó sì ròyìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn aládùúgbò ti ń pè mí ní ìyá onísúù. Inú mi dùn, ó ṣe mí bí ẹni pé mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kẹ́hìndé nìkan ló tún ní ìbéèrè. Ó ní, "Màmá, àwọn ẹdun yẹn, ṣé wọ́n mọ̀ pé inú súù làwọn wà?"

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ọ̀rọ̀ mímú àwọn ọmọ wá dé ojú ẹ̀. Àwọn tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì níbí ń sọ pé ìjọba fẹ́ yí òfin padà, pé ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ rẹ̀ wá kó tètè ṣe é kí ilẹ̀kùn tó tì. Mo lọ bá onílé mi. Ó ní yàrá kan ni mo háyà, pé àgbàlagbà kan àti ọmọ kan ni òfin gbà níbẹ̀. Mo ní ọmọ méjì ni mo bí. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ọmọ kan ni. Mo wá ilé míì títí, mi ò rí èyí tí apá mi ká. Mo dúró lójú títì, mo ń rò ó pé ta lèèyàn máa sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún nílé tó máa gbà á gbọ́. Ní Bàrígà, ta ló ń ka ọmọ tó wọ yàrá?

Mo pe ọkọ mi. Mo sọ ọ̀rọ̀ onílé náà fún un.

"Ká jẹ́ kí Táyé máa bọ̀ ná," ó ní. "Kí Kẹ́hìndé dúró tì wá títí o máa fi rí ilé ńlá."

"Táyé nìkan?" mo ní.

"Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù? Ṣebí bí wọ́n ṣe wáyé náà nìyẹn. Kẹ́hìndé tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ló rán Táyé jáde pé kó lọ tọ́ ayé wò. Ó tọ́ ọ wò, ó dáa, ẹ̀gbọ́n tẹ̀ lé e. Kó tún bá a tọ́ ìlú òyìnbó wò."

Ẹni tí kì í ṣe Yorùbá lè fi èyí rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ti là á sílẹ̀ fún wa láti ìgbà pípẹ́, pé ìdí tí wọ́n fi ń sọ wọ́n lórúkọ bẹ́ẹ̀ gan-an nìyẹn. Ara mi balẹ̀ díẹ̀. Màámi ló gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìgbà tí wọ́n ń bọ̀ wáyé," ó ní, "inú ẹnìkan ni wọ́n ti jáde, ọwọ́ ẹnìkan ni wọ́n bọ́ sí. Mo wà níbẹ̀. Mi ò tíì nu ti àkọ́kọ́ gbẹ tí èkejì fi dé. Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ ọdún."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Ìgbà díẹ̀ ni."

"Ìgbà díẹ̀ lo sọ fún èmi náà, ọjọ́ tó ò ń lọ."

Ó dá fóònù padà fún ọkọ mi. Èmi àti ọkọ mi fẹnu kò sí i pé Táyé ló ń bọ̀, pé a ò sì ní sọ fún àwọn ọmọ títí gbogbo ètò á fi parí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá iléèwé fún ọmọ kan.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀kan nínú àwọn ẹdun bímọ. Funfun ni wọ́n ń bí ọmọ ẹdun, funfun báláú, bí ẹni pé òwú ni wọ́n fi ṣe é. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Hẹlẹn dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní kí n wo abẹ́ apá ìyá rẹ̀ dáadáa. Méjì ni. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, òun ò rí i kí ẹdun bí méjì lẹ́ẹ̀kan rí. Ara mi bù máṣọ. Èmi tí mo bí ìbejì, tí mo fi wọ́n sílẹ̀ nílé, ìbejì tún wá bá mi níwájú gíláàsì.

Ní ọjọ́ kejì, mo se ẹ̀wà. Kí ni ìyá ìbejì fẹ́ ṣe tí kò ní se ẹ̀wà? Mo wá epo pupa kiri gbogbo ìlú. Mo gbé e lọ síbi iṣẹ́ nínú kúlà, mo bu fún gbogbo òṣìṣẹ́, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ń mu omi lé e nítorí ata. Mo wá bu díẹ̀ sínú àwo kékeré, mo ń gbé e lọ sí ilé gíláàsì. Hẹlẹn gbá a mú lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Ewé ni inú wọn lè gbà," ó ní. "Èyí lè pa ìyá wọn."

Mo da ẹ̀wà náà padà sínú kúlà. Ìbejì tí kò lè jẹ ẹ̀wà, ọ̀rọ̀ yẹn ò bá ohunkóhun tí mo mọ̀ mu. Ẹ̀wà náà ni mo jẹ lálẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kéré ju èkejì lọ. Wàrà ìyá wọn ò tó méjì, èyí tó lágbára ló ń gbà á mu. Kò pẹ́ tí èyí tó kéré ò fi lè di irun ìyá rẹ̀ mú mọ́. Hẹlẹn àti dókítà wọlé, wọ́n fi táwẹ́ẹ̀lì ká ọmọ náà, wọ́n ń gbé e jáde. Èmi ni mo di ilẹ̀kùn mú fún wọn.

"Hẹlẹn," mo ní. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo pe orúkọ rẹ̀ láìfi àǹtí sí i. "Ìbejì ni wọ́n. A kì í yà wọ́n."

"Tí a bá fi í sílẹ̀, kò ní rí ọ̀la," ó ní, ó sì kọjá.

Kò parọ́. Inú àpótí olóoru ni wọ́n tọ́ ọ sí, wọ́n ń fi fídà fún un ní wàrà. Ojú rẹ̀ là, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka wa ṣeré. Àwọn òǹwòran ń tò láti wò ó. Mo máa ń lọ dúró níwájú àpótí náà ní gbogbo ìgbà tí àyè bá yọ, ọkàn mi sì ń rọlẹ̀. Mo sọ fún ọkọ mi lórí fóònù pé kó wò ó, wọ́n ya ìbejì ẹdun síra, èyí tí wọ́n mú lọ ń ṣe dáadáa, a ó sì tún dá a padà. Ó ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé àmì tí mò ń wá nìyẹn.

Nígbà tí ọmọ náà lágbára dáadáa, wọ́n ní ó tó kó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Hẹlẹn gbé e wọlé láàárọ̀, ó gbé e sílẹ̀ lórí koríko gbígbẹ, ó jáde. Gbogbo wa dúró lẹ́yìn gíláàsì. Ìyá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá, èkejì lẹ̀ mọ́ ọn láyà. Ó gbóòórùn orí ọmọ náà, ó gbóòórùn ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ náà ké, ó sì di irun ìyá rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mo ti ń rẹ́rìn-ín. Ìyá náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìka ọmọ náà kúrò lára irun rẹ̀, níkọ̀ọ̀kan, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí èèyàn ṣe ń yọ ẹ̀gún lára aṣọ. Ó yọ wọ́n tán, ó gun orí igi padà. Èyí tó wà láyà rẹ̀ bojú wẹ̀yìn, ó wo ìkejì rẹ̀ bí ó ṣe ń wo àwa tí a wà lẹ́yìn gíláàsì, ó sì fojú pa mọ́. Ọmọ tó wà nílẹ̀ ń nawọ́ sí gbogbo ẹdun tó bá kọjá.

Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Mo fara ti ògiri.

"Òórùn wa ló ń gbọ́ lára rẹ̀," Hẹlẹn ní. "A ó tún gbìyànjú lọ́la. Ìgbà míì, ìyá máa ń gbà á nígbà tó bá yá. Ìgbà míì, kì í gbà á."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé ó lè rí báyìí?"

"A mọ̀."

"Ẹ sì mú un."

"Ìbá ti kú," ó ní. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Èèyàn kì í ṣe irú nǹkan báyìí àfi tí kò bá sí ọ̀nà míì."

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn dé ibùdókọ̀. Bọ́ọ̀sì dé, ó lọ, mo jókòó síbẹ̀. Àwọn tèmi ò ṣàìsàn. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń sùn, wọ́n ń lọ sí iléèwé ní Fọlá Agoro, wọ́n ń jà sí bọ́ọ̀lù lójúde. Kò sí ohun tó ń pa wọ́n tí mo fẹ́ tìtorí rẹ̀ gba ọ̀kan là. Èmi ni àárò ń pa. Àárò ọmọ ló ń pa mí, mo wá fẹ́ fi ọ̀kan nínú wọn ṣe oògùn rẹ̀. Ẹ̀rù ara mi bà mí. Mo yọ fóònù lójú ẹsẹ̀.

"Táyé ò bọ̀ mọ́," mo sọ fún ọkọ mi. "Méjèèjì ni, tàbí kí a fi í sílẹ̀."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" Mo sọ fún un. Ó ní, "Tí ilẹ̀kùn bá wá tì ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé èmi ni màá wá bá yín."

Ilẹ̀kùn náà padà tì lóòótọ́, ṣùgbọ́n a ò tíì mọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọkọ mi mí kanlẹ̀. Ó ní kò burú, pé kí n bá Màámi sọ̀rọ̀, pé ohun kan wà tí wọn ò tíì sọ fún mi.

"Kẹ́hìndé ni," Màámi ní. "Ó ti kó ìrọ̀rí rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Táyé láti ìgbà tí ẹ ti sọ̀rọ̀ yẹn. Pálọ̀ ló ń sùn. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní òun ń kọ́ ọ ni."

"Ó ń kọ́ kí ni?"

"Ó ní bó ṣe máa rí tí Táyé bá lọ."

Mo ní kí wọ́n gbé fóònù fún un. Èémí rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

"Kẹ́hìndé, ta ló sọ fún ọ?"

"A gbọ́ ọ. Dádì fi fóònù sí sípíkà." Ohùn rẹ̀ balẹ̀ bíi ti àgbàlagbà. "Màmá, kò sí wàhálà. Èmi ni ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo ní kó máa lọ."

Mo doríkodò, fóònù ṣì wà létí mi. Obìnrin kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ibùdókọ̀ yí padà wò mí, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká.

"Kò lọ mọ́," mo ní. "Ẹ̀yin méjèèjì jọ wà pọ̀ ni. Lọ kó ìrọ̀rí rẹ padà."

Ó sọ fóònù sílẹ̀ níbi tó wà, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń sáré gba pálọ̀ kọjá, mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Táyé ló sọ̀rọ̀ nínú ibẹ̀.

"Ṣé o ti mọ̀ ọ́n?"

"Rárá," Kẹ́hìndé ní. "Mi ò mọ̀ ọ́n rárá."